Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iná pípa fún àwa ọlọ́jà l'Òṣogbo: Bàbá panápaná nìkan ló tó owó yẹn

Ẹ̀yin èèyàn tẹ́ ẹ ń pè mí pé ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iná pípa yẹn tó owó tí wọ́n gbà àbí wọ́n kàn fi wá jẹun, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Ó tó owó o. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó tó owó ò sí lára ìwé tí wọ́n fi polówó ẹ̀ rárá.

Gbọ̀ngàn kan lápá Òkè-Fìà ni wọ́n ti ṣe é, ẹgbẹ́ àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù nínú plásà ló bá wọn dúnàádúrà, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà lórí ẹnì kan, oúnjẹ wà nínú ẹ̀, sátífíkéètì náà wà nínú ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́nì kan wá ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù pé mo ba ọjà òun jẹ́. Fóòmù àti mátírẹ́ẹ̀sì ni mò ń tà, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n ní wọ́n máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lo fire extinguisher, agolo tí wọ́n fi ń pa iná. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n mú Bàbá kan wá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná, pé kí Bàbá kàn sọ̀rọ̀ ìṣáájú díẹ̀, Bàbá wá sọ̀rọ̀ títí àwọn tó pè wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago, àwa tá a jókòó ò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ohun tí Bàbá ń ṣàlàyé ni báwọn panápaná ṣe ń pinnu, tí ilé bá ń jó, pé inú ilé làwọn máa wọ̀ lọ bá iná, àbí ìta làwọn máa dúró sí. Láyé mi mi ò gbọ́ ọ rí kẹ́nì kan sọ ìyẹn fún ọlọ́jà.

Ṣebí gbogbo wa la ti rí i rí. Ilé ń jó, mọ́tò panápaná dé, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀, dípò kí ọ̀gá wọn sáré, ó ń rìn yí ilé po, ó ń wòkè, ó ń wolẹ̀. Kíá àwọn èèyàn á ti máa bú u, àwọn ọmọ àdúgbò á ti mú òkúta. Bàbá ní ìrìn yẹn gan-an niṣẹ́, họ́ọ̀sì fífà ò ju apá kan lọ. Ó ń wò bóyá èèyàn ṣì wà nínú ilé, ibi tíná wà àti ibi tó dorí kọ, èéfín tó ń jáde bóyá ó ń rọra rú ni àbí ó ń tú jáde dúdú kìjikìji bíi pé ẹnì kan ń lé e, irú òrùlé tó wà lórí ẹ̀, ilé tó fara tì í, omi tó wà nínú tánkì, àti iye èèyàn tóun kó wá. Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé ló máa ń tú àṣírí ilé tó ń jó, iwájú lè máa rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ti pọ́n fòò. Wọ́n wá ní, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kọ́ fẹ́ǹsì mọ́ ẹ̀yìn, ẹ kó kóńtáínà sí ẹ̀gbẹ́, ta ló fẹ́ rìn yí tiyín po?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Èkíní, wọlé lọ bá a: ẹ gbé họ́ọ̀sì gba ẹnu ọ̀nà, ẹ lọ pa á níbi tó wà. Èkejì, dúró síta: ẹ má wọlé rárá, ẹ máa da omi ńláńlá láti ìta, ẹ má jẹ́ kó ran ilé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, tí mi ò mọ̀ pé ó wà láyé yìí, rọ̀ ọ́ kó o tó wọlé: ẹ yin omi gba ojú fèrèsé fún àkókò díẹ̀ kí ooru inú ẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá yára wọlé lọ parí ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀mí. Tí ẹ̀mí tó ṣeé gbà là bá wà nínú ilé, panápaná á fi tiẹ̀ wewu gidi. Tó bá jẹ́ ẹrù ló kù, ewu tó máa kó sí ò ní pọ̀. Tí ò bá sí ẹ̀mí, tí ò sì sí ẹrù tó ṣì ṣeé mú, kí ló fẹ́ wọlé lọ ṣe?

Ibẹ̀ ni Alhaja kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ìgbọ̀nà ti dìde. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ìyẹn ni pé ẹ máa fi ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa da omi sára ti ẹlòmíì tíná ò tíì dé? Ṣé ọjà tèmi kì í ṣe ọjà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń jẹ gbogbo wa lọ́kàn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Alhaja, ṣọ́ọ̀bù tíná ti gba síílìn ẹ̀ tó ti ń jáde lórí pánù, aṣọ inú ẹ̀ ti lọ, mi ò lè fomi dá a padà fún yín. Ti aládùúgbò yín ló ṣì wà ńlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíì ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ́ aládùúgbò." Alhaja jókòó, wọ́n so gèlè wọn mọ́rí dáadáa, àmọ́ mo rí ojú wọn pé wọn ò tíì gbà tán.

Ìṣirò omi ni Bàbá fi gbé mi. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń sọ ọ́ nílùú yìí àti gbogbo Nàìjíríà pé panápaná dé, wọn ò lómi lọ́wọ́. Bàbá ní kò dáa kí mọ́tò wá lófìfo, àwọn ò gbè sẹ́yìn irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé omi wà, ó kàn yára tán ni. Ìṣirò kan wà tí National Fire Academy ti Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn panápaná wọn: ẹ fẹsẹ̀ bàtà wọn gígùn ibi tó ń jó, ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀, ẹ fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ohun tó bá jáde ni gálọ́ọ̀nù omi tíná yẹn ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ti ń jó, tó bá jẹ́ ìdajì ló ń jó ẹ mú ìdajì. Bàbá ní ká mú ṣọ́ọ̀bù tó gùn ní ẹsẹ̀ 40 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 30. Ìyẹn jẹ́ 1,200, ẹ pín in sí mẹ́ta, 400 gálọ́ọ̀nù, gálọ́ọ̀nù ti Amẹ́ríkà ni o, tó bá di lítà, ó ń lọ sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan péré. Ká ní mọ́tò tó dé gbé lítà 5,000 wá. Kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ti gbẹ. Tí wọ́n bá sì fi họ́ọ̀sì kékeré kan tó ń tú lítà 500 ní ìṣẹ́jú kan wọlé, omi yẹn á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó lè borí iná ni wọ́n ń fún un, iná ò ní kú, omi á tán, àwọn ọkùnrin á wà nínú ilé.

Wọ́n wá ní ká mú yàrá kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ 12 sí 12. 144, pín in sí mẹ́ta, gálọ́ọ̀nù 48, kò tó lítà 200. Họ́ọ̀sì kékeré yẹn kan náà ti ju tiẹ̀ lọ. Nítorí náà tíná bá ṣì wà nínú yàrá kan, wọlé lọ bá a, tó bá ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, dúró síta kó o máa wá omi kún omi. Mo mú bírò, mo ṣírò ti ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìwé ètò. Ẹ má bi mí iye tó jáde. Ọkùnrin tó jókòó tì mí, tó ń ta pẹ́ńtì ní Alékúwodò, ṣírò tiẹ̀ náà, ó ká ìwé ẹ̀ sápò, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé.

Ọ̀rọ̀ fóòmù wá kàn. Ilé-iṣẹ́ Underwriters Laboratories tó ń dán ewu ohun èlò wò ní Amẹ́ríkà to yàrá ìgbàlejò méjì, wọ́n fi àga àti kọ́tìnnì ayé àtijọ́ tó jẹ́ igi àti òwú sí ọ̀kan, wọ́n fi tòde òní tó jẹ́ fóòmù àti aṣọ ike sí èkejì, wọ́n ṣáná sí méjèèjì. Ti àtijọ́ lo ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 25 kí gbogbo yàrá tó gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Tòde òní, ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 40. Ohun tí wọ́n ń pè ní flashover nìyẹn, èéfín gbígbóná á kó sókè síílìn, tí ooru ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 600 lórí ìwọ̀n Celsius, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ á kàn ṣẹ́ iná pa pọ̀ ni, ẹni tó bá wà níbẹ̀, ìbáà wọ aṣọ panápaná, kó yáa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gọ́-sílóò Ọláìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ibo ni mọ́tò panápaná máa dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n bá fi dé ọ̀dọ̀ èmi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọjá "wọlé lọ bá a", kì í ṣe pé wọ́n lẹ́rù.

Ohun mìíì tó yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Àwa tí iná bá ṣẹlẹ̀ lójú wa, ohun tá a kọ́kọ́ ń ṣe ni ká fọ́ gíláàsì ká ya ilẹ̀kùn, pé kí èéfín lè jáde. Bàbá ní ibi tá a ti ń ṣìkà láìmọ̀ nìyẹn. Iná tí wọ́n sé mọ́nú yàrá, tó bá ti jẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á rẹlẹ̀, á máa rú èéfín, ooru wà níbẹ̀, fóòmù tó fẹ́ jó wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dúró dè. Tẹ́ ẹ bá wá fọ́ fèrèsé fún un láìsí omi lọ́wọ́ yín, ohun tí abẹ̀bẹ̀ ń ṣe fún èédú alágbàdo lẹ ṣe fún un yẹn. Wọ́n sọ ti ṣọ́ọ̀bù àga kan ní Charleston ní Amẹ́ríkà, Sofa Super Store, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2007. Iná bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, panápaná wọlé láti iwájú, nígbà tí wọ́n wá fọ́ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ wọlé, iná gba gbogbo ilé. Panápaná mẹ́sàn-án ló kú sínú ẹ̀. Fóòmù àti àga ni wọ́n ń tà níbẹ̀ o, irú ohun témi náà ń tà. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Ìdí nìyẹn tí panápaná fi ń tò ó: ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn àti ẹni tó mú họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀, omi á ti wà nínú họ́ọ̀sì kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti ń sá jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín.

Bàbá tún sọ nípa ọ̀nà kẹta yẹn. Wọ́n ní nígbà táwọn wọṣẹ́, ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ni pé ẹ má yinmi gba fèrèsé torí omi á ti iná lọ bá ẹni tó wà nínú yàrá tó kù. Ó pẹ́ tí gbogbo ayé gba ìyẹn gbọ́. Àwọn Amẹ́ríkà wá jó ilé fún ìdánwò, wọ́n jó o ní erékùṣù Governors Island ní New York lọ́dún 2012 pẹ̀lú àwọn panápaná ibẹ̀, wọ́n gbé ohun tó ń wọn ooru sí yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé omi tí wọ́n yìn tààrà látìta ń mú kí gbogbo ilé tutù sí i. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó sì ń wá ibi jáde ló ń darí iná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yìn ín ló ṣe pàtàkì: kí omi jáde ṣooro, kó lọ gbá síílìn látìsàlẹ̀, kó fọ́n ká bí òjò, ní ìwọ̀n àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n má sì fi omi tó fẹ̀ dí ojú fèrèsé yẹn, torí ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde. Lítà omi kan tó bá hó tán á di nǹkan bí i 1,700 lítà èéfín omi gbígbóná, èéfín omi yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wọlé kíákíá, torí rírọ̀ la rọ̀ ọ́, kò tíì kú. Tí àwọn panápaná bá sì ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yin họ́ọ̀sì ńlá látìta mọ́, ohun tó máa ya lulẹ̀, orí wọn ló máa ya lù.

Bàbá ní kí ẹnì kan nínú wa dúró de mọ́tò ní títì, kó sọ nǹkan mẹ́rin fún ọ̀gá wọn láì pariwo: ẹni tó kù nínú ilé àti ibi tẹ́ ẹ rí i kẹ́yìn, ibi tíná ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí sílíńdà gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́gúlárì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè ni 112, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ wà kí fóònù tó já.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, gbogbo wa ti jókòó, àwọn fúnra wọn ò tíì so maìkì. Lẹ́yìn tí Bàbá jókòó, bọ̀dá kan gbé kọ̀ǹpútà wá, ó tan nǹkan sára ògiri, Gẹ̀ẹ́sì gbáà, lẹ́tà wínníwínní, ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lẹ́yìn mi ti sùn lọ. Wọ́n jáde sẹ́yìn gbọ̀ngàn fún ìdánwò, wọ́n da pẹtiróòlù sínú ìdajì dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ṣáná sí i, ènìyàn díẹ̀ ló lánfààní di fire extinguisher mú, àwa tó kù ń ya fídíò. Tẹ́ ẹ bá gba ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ́wọ́ mi pé ẹ máa kọ́ mi ní nǹkan ọwọ́, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án, àbí?

Ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ tọ̀nà ṣá. Ẹ fa píìnì, ẹ kọjú ẹ̀ sí ìdí iná, ẹ tẹ ọwọ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa gbá a lọ gbá a bọ̀, kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn yín. Wọ́n ní oní-kílò-mẹ́fà ò lè tú ju bí ogún àáyá lọ. Bàbá ló tilẹ̀ fi kún un láti orí ìjókòó wọn pé tó bá ti ga jù yín lọ tàbí tó ti kan síílìn, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde, ti inú agolo yẹn ò tó o. Mo bi bọ̀dá yẹn nípa bátìrì lithium, torí ìdajì plásà wa ló ti gbé sólà àti ínfátà báyìí. Ó ní fire extinguisher náà ni. Bàbá mi orí. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi nígbà tá à ń jẹun pé páúdà lè pa ọwọ́ iná tójú rí, kò lè mú inú bátìrì tutù, ó lè tún gbaná lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rò pé ó parí, omi púpọ̀ àti jíjìnnà sí i ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ (ìrẹsì tútù, ẹran kékeré, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀), wọ́n kó fire extinguisher jáde fún títà, owó gọbọi, wọ́n wá ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ọlọ́jà pé ẹni tí ò bá rà á lónìí, tí iná bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́. Ìyẹn bí mi nínú. Mo wo ọwọ́ géèjì tó ń sọ agbára inú ẹ̀ lára méjì, ọwọ́ ti ọ̀kan ò sí lójú àwọ̀ ewé, mo dá a padà fún wọn. Tí ẹ bá máa rà níbikíbi, ẹ wo ibẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Sátífíkéètì tí wọ́n fún wa náà kọ ọ́ pé a ti di "expert". Lẹ́yìn òwúrọ̀ kan! Mi ò gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Tí mo bá máa fún wọn ní máàkì, Bàbá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìyókù gba mẹ́rin, ìyẹn náà torí wọ́n ní òye láti pe Bàbá. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, fóòmù, pẹ́ńtì, ike, tàbí tó ń gbé ilé alájà, ẹ lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fa píìnì, ẹ fi owó yín pamọ́, ẹni tó bá ta á fún yín á fi hàn yín ní ọ̀fẹ́. Èmi ti fa mátírẹ́ẹ̀sì kúrò lábẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé, mo ti sọ bọ́gúlárì ẹ̀yìn di èyí tó ń ṣí látinú, a sì ti ń bá àwọn tó gbé kóńtáínà dí ọ̀nà plásà fà á, wọn ò tíì gbọ́.

Wọ́n ní wọ́n tún ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá Bàbá ló máa sọ̀rọ̀ àti bóyá gbogbo èèyàn ló máa di agolo yẹn mú. Tí wọ́n bá ń yí ohùn, ẹ fowó yín ra ìdérí fún àwọn sókẹ́ẹ̀tì yín.